Ẹ Lọ Bi Mọ́tò

Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn tí bàlúù kékeré náà forí sọlẹ̀ lórí pápá bàlúù ni obìnrin aṣèwádìí tó dé. Oòrùn sì ti fi ọjọ́ mẹ́rin gbáko yan ilẹ̀ náà títí ó fi gan bíi pákó. Ohun tó kọ́kọ́ bí Bàbá Koríko, olùtọ́jú pápá náà, nínú nìyẹn. Lọ́jọ́ ìjàǹbá náà, téèyàn bá dúró lójú kan lórí koríko yẹn fún ìgbà díẹ̀, omi á máa yọ sí i lẹ́bàá bàtà. Àwọn ará ọ́fíìsì ńlá kò yára rán ẹnikẹ́ni wá wò ó nígbà náà. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ gbẹ tán ni wọ́n tó rántí.

Aṣèwádìí fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Ilẹ̀ yìí le," ló wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ó le lónìí, màdáámù," ni Bàbá Koríko sọ.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn," ni máníjà pápá wí, pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́ tí wọ́n fi ń tu ọmọdé nínú.

"Ṣé mo di ọwọ́ wọn mú ni?"

Aṣèwádìí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ipa táyà tó fa koríko ya. Ó béèrè ohun tó ṣe é. Máníjà ní tírákítọ̀ tó wá wọ́ bàlúù kúrò ló ṣe é. Kò parọ́. Tírákítọ̀ ti tẹ gbogbo ibẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, kò sẹ́ni tó lè mọ èyí tó jẹ́ ti bàlúù mọ́. Bàbá Koríko pariwo lọ́jọ́ náà títí ohùn rẹ̀ fi há, pé kí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kí wọ́n má ba ojú ilẹ̀ jẹ́. Ta ló gbọ́? Bí ìgbà tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀ ni.

Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń tọ́jú pápá náà. Òun ló ń gé koríko rẹ̀, òun ló ń dí ihò tí eku ń gbẹ́, òun náà ló kun òpó funfun mẹ́jọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó fi ń yangàn ni ti ọ̀pá irin. Ọ̀pá náà ga dé àyà rẹ̀, ó sì fi ọ̀dà pupa kun òrùka kan yí i ká nítòsí ṣóńṣó rẹ̀ tó ń wọ ilẹ̀. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ife tíì sẹ́nu, á ti rin pápá náà já. Ní ìdí òpó kọ̀ọ̀kan, á ti ọ̀pá bọ ilẹ̀, á sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Bí ilẹ̀ bá dá ọ̀pá dúró kó tó kan òrùka, bàlúù lè gbéra. Bí ilẹ̀ bá gbé òrùka mì, ó parí, kálukú a padà sílé. Láti ọdún tó ti ń ṣe é, táyà bàlúù kan ò rì rí.

Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni máníjà tuntun dé. Èèyàn ni, kì í ṣèkà, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí kò bá ṣe é kọ sínú fọ́ọ̀mù, ara rẹ̀ kì í gbà á. Ó wo ọ̀pá títí, ó wo Bàbá Koríko látòkè délẹ̀.

"Bàbá, ìwúwo yín ni òṣùwọ̀n tí à ń lò níbí?"

"Òun náà ni."

"Tí ẹ bá wá jẹun yó ńkọ́?"

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Koríko kò rẹ́rìn-ín. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni òfin mọ́tò dé: mọ́tò ògbólógbòó tó wà ní ṣẹ́ẹ̀dì ni wọn yóò máa wà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun láràárọ̀. Bí ipa táyà rẹ̀ kò bá jìn ju oríkèé ìka kan lọ, máníjà á kọ ọ́ sínú ìwé ńlá pé "Mọ́tò kọjá," wọ́n á sì ṣí pápá. Ká sọ òótọ́, òfin náà kò burú nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Táyà mọ́tò náà tín-ín-rín bíi ti bàlúù. Ibi tí bàlúù bá máa rì sí, òun náà á rì síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Bàbá Koríko kì í ṣe ẹni tí ń sọ irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu. Wọ́n ti fi í ṣẹ̀sín lójú akọ̀wé àti mẹkáníìkì, ó sì ká a lára. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fajú ro, láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá béèrè bí ilẹ̀ ṣe rí lọ́wọ́ rẹ̀, èsì kan ṣoṣo ló ní fún un: "Ẹ lọ bi mọ́tò." Awakọ̀ bàlúù béèrè, ẹ lọ bi mọ́tò. Àlejò béèrè, ẹ lọ bi mọ́tò. Ó di ohun àpárá lórí pápá. Kódà, bí wọ́n bá bi akọ̀wé bóyá òjò máa rọ̀, á ní kí wọ́n lọ bi mọ́tò, wọ́n á sì jọ rẹ́rìn-ín. Máníjà ló máa ń rẹ́rìn-ín jù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìjàǹbá, mọ́tò rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́bàá ọgbà wáyà lẹ́ẹ̀mejì. Máníjà tì í títí ẹrẹ̀ fi ta sí i nímú. Ó ní kí Bàbá Koríko wá táyà tó fẹ̀ wọ̀ ọ́. Bàbá Koríko tú táyà gbàgàdà mẹ́rin lára kẹ̀kẹ́ ẹrù àtijọ́ tí tírákítọ̀ máa ń fà, ó lọ̀ ọ́, ó so ó, ó wọ̀ ọ́ títí ó fi gba ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mọ́tò kò rì mọ́. Ó ń gba orí ẹrẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń rìn lórí ẹní. Inú gbogbo wọn dùn. Kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, títí kan ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ so táyà, tó jókòó rò ó pé mọ́tò tí kò lè rì mọ́ kò lè sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni nípa ilẹ̀.

Lékèélékèé ló wa bàlúù lọ́jọ́ ìjàǹbá. Ọmọ Bàbá Koríko ni, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn àti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ funfun ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Orí pápá yìí ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò, òun ló sì ń gbé àpótí oògùn lọ sí ilé ìwòsàn tó wà lódìkejì adágún, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí aṣèwádìí bá kọ ọ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ló fa ìjàǹbá, wọn á gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ bàlúù lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí Bàbá Koríko fi ń jí lóru láti ọjọ́ márùn-ún nìyẹn.

Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, bàbá àti ọmọ ti jà. Òjò ń rọ̀ lórí páànù, Lékèélékèé ń nu bàtà rẹ̀, ó wá ní òfin máníjà kò burú tó bí Bàbá ṣe ń wí.

"Ẹ̀yin náà ẹ jẹ́ kó tán nínú yín. Ẹ ti ń bínú láti oṣù mẹ́jọ."

"Ìwọ náà ti di ti máníjà."

"Mi ò di ti ẹnikẹ́ni. Ẹ ti le jù ni."

Bàbá Koríko gbé fìlà rẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò kí ọmọ rẹ̀ tán tó fi jáde. Ó gbé ọ̀pá tí wọ́n ní kó má lò mọ́, ó wọ pápá lọ. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Kò sí àárọ̀ kan tí kò lò ó láti oṣù mẹ́jọ náà. Ó ní ìwé kékeré kan tó ń fi pamọ́ sínú àpò ṣòkòtò, inú rẹ̀ ló ń kọ ohun tí ọ̀pá bá sọ sí, kó lè fi han máníjà lọ́jọ́ kan ẹni tó jẹ́ ọ̀gá. Lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ gbé òrùka mì láti òpó kẹta títí dé ìkarùn-ún. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mọ́tò táyà gbàgàdà kọjá lórí ibẹ̀ wẹ́rẹ́, máníjà sì kọ tirẹ̀ sínú ìwé ńlá.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bàlúù ti ń dún, tí àpótí oògùn ti kún ẹ̀yìn rẹ̀, Lékèélékèé ṣí ilẹ̀kùn, ó ké sí bàbá rẹ̀ tó dúró ti ẹ̀rọ ìgékoríko.

"Bàámi, báwo ni ilẹ̀?"

Ẹnu Bàbá Koríko ni ìdáhùn wà. Ó ṣáà fẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ wá bá òun, kó ní ẹ jọ̀ọ́ Bàámi, ẹ má bínú, ẹ sọ fún mi. Ìdí nìyẹn tó fi kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Lọ bi mọ́tò!"

Ó retí kó sọ̀ kalẹ̀. Lékèélékèé wò ó fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ó pa ilẹ̀kùn dé, bàlúù sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Bàbá Koríko gbé ọwọ́ sókè. Ó ti pẹ́ jù.

Ó rí gbogbo rẹ̀. Títí dé òpó kejì, ó ń sáré bó ṣe yẹ. Ní òpó kẹta, bí ẹni pé ẹnìkan fà á lẹ́yìn, eré rẹ̀ já, ẹ́ńjìnnì ń ké, táyà ń fa ilẹ̀. Ọgbà wáyà ń sún mọ́ ọn. Lékèélékèé gbé imú bàlúù sókè kó tó yẹ, nítorí kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe. Bàlúù fò sókè díẹ̀, ó tún já bọ́, táyà iwájú wọlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì gbẹ́ ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ yí bìrí, apá òsì sì fọ́ mọ́ òpó wáyà. Nígbà tí Bàbá Koríko sáré débẹ̀, bàtà rẹ̀ kan ti há sẹ́yìn nínú ẹrẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wà láàyè. Eegun èjìká rẹ̀ ló dá.

Lórí pápá lọ́jọ́ karùn-ún náà, aṣèwádìí yọ awò ojú rẹ̀. "Ohun tí mo rí nìyí: ilẹ̀ le, mọ́tò kọjá, awakọ̀ gbé imú sókè kó tó àkókò."

"Ẹ dúró níbẹ̀!" ni Bàbá Koríko kígbe. "Ẹ dúró ná. Ẹ ò tíì wo mọ́tò."

Láti àfẹ̀mọ́jú ló ti ń bu omi sí apá kan ilẹ̀ lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì, garawa ńlá-ńlá mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Ó kó wọn lọ síbẹ̀, ó wa mọ́tò gba orí rẹ̀, ipa rẹ̀ kò jìn ju èékánná lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ti ọ̀pá bọ ibẹ̀, òrùka wọlẹ̀ lọ ráúráú. Ó yí táyà gbàgàdà kúrò, ó so ti àtijọ́ padà, òógùn bò ó lójú, máníjà ń wo aago. Nígbà tó tún wa mọ́tò padà síbẹ̀, ó rì títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi kan ilẹ̀, kò sì lè jáde mọ́.

"Ẹ rí i báyìí?" Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ rí i?"

"Ta ló so táyà gbàgàdà?"

"Èmi ni. Máníjà ló ní kí n so ó, ọwọ́ mi ni mo fi so ó."

Máníjà la ẹnu, ó tún pa á dé. Aṣèwádìí kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ sínú ìwé rẹ̀, ọkàn Bàbá Koríko sì fẹ́ balẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin náà gbójú sókè.

"Ó ye mi pé mọ́tò lè tan èèyàn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ẹ fi garawa omi rin fúnra yín nìyí. Ẹ̀rí wo ló wà pé ilẹ̀ pápá rọ̀ lọ́jọ́ náà?"

Ó ń ṣe Bàbá Koríko bíi kó sunkún. "Gbogbo wa la wà níbẹ̀!"

"Gbogbo yín lẹ fọwọ́ sí i pé mọ́tò kọjá."

Wọ́n wọ ọ́fíìsì. Lékèélékèé ti jókòó síbẹ̀, wọ́n fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn, ojú rẹ̀ ti rù. Aṣèwádìí ka ohun tó ti sọ tẹ́lẹ̀ sí i létí, pé ìwé ńlá ló kà, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè nípa ilẹ̀.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mi ò bi ẹnikẹ́ni."

Ó sọ ọ́ láìwo ọ̀nà ibi tí bàbá rẹ̀ wà.  Bàbá Koríko kò mọ̀ títí di àsìkò yẹn pé ọmọ náà ti ń fi ara rẹ̀ bo òun mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ márùn-ún. Ìwé kékeré wà nínú àpò rẹ̀, ó ń gún un nítan. Ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìwé yẹn á gba ọmọ rẹ̀ là, á sì lé òun kúrò lórí pápá. Kò ní sí àlàyé tó lè tún un ṣe. Ó yọ ọ́, ó gbé e sórí tábìlì.

"Ẹ̀rí nìyẹn."

Aṣèwádìí ṣí i. Ó ka ọjọ́, ó ka aago: mẹ́fà kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Òpó kẹta, òrùka wọlẹ̀, ìka mẹ́rin. Òpó kẹrin, òrùka wọlẹ̀, ìka márùn-ún. Ó ka ewé tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ka ti oṣù tó kọjá, ó ń fara balẹ̀ kà á.

"Bàlúù gbéra ní aago mẹ́sàn-án," ló wí. "Ẹ ti mọ̀ fún wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Mi ò sọ."

"Bàámi, ẹ dákẹ́," ni Lékèélékèé wí.

"Mi ò dákẹ́. Ó bi mí, màdáámù. Irọ́ ló ń pa fún yín. Ó ṣí ilẹ̀kùn bàlúù, ó bi mí bí ilẹ̀ ṣe rí."

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

Fún oṣù mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ yẹn ti máa ń fò jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tu itọ́. Báyìí, ó bọ́ fìlà rẹ̀ kó tó sọ ọ́.

"Mo ní kó lọ bi mọ́tò."

"Ẹ tún un wí, kí n lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

"Mo ní... kó lọ bi mọ́tò."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé wo ìka ọwọ́ rẹ̀. Máníjà tó máa ń rẹ́rìn-ín jù ń wo òrùlé. Bíírò aṣèwádìí nìkan ló ń dún lórí ìwé.

Níta, lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì, ọmọ kojú rẹ̀, inú ń bí i.

"Ta ló ní kí ẹ sọ ọ́? Wọ́n á gba ìwé àṣẹ mi fún ọdún kan, wọ́n á tún dá a padà. Ẹ̀yin ńkọ́? Iṣẹ́ wo lẹ tún fẹ́ lọ ṣe? Ta ló ní kí ẹ gbé ìwé yẹn jáde?"

"Ìbínú ni mo fi dá ọ lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Mo fẹ́ kó o wá bẹ̀ mí ni."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

"Ṣé mi ò mọ ohùn yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń bínú ni? Bí ilẹ̀ bá le, ẹ̀ bá ti sọ pé ó le, kí n máa lọ. Mo ti mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀." Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó dá ṣáká nu ojú. "Èmi náà ń bínú. Mo ní mi ò ní bẹ̀ yín. Mo ní màá gbé bàlúù náà lọ, kí ojú lè tì yín."

 Bàbá Koríko wo ọmọ náà títí, ó rí orí kunkun tara rẹ̀ lórí ọrùn rẹ̀. Ó fẹ́ bínú sí i, kò rí ibi tó máa gbà bẹ̀rẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé. Ìwé àṣẹ Lékèélékèé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí máníjà pa òfin mọ́tò tì, kó padà sí ọ̀pá. Wọ́n ní kí olùtọ́jú pápá fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí ó mọ̀, kò sọ. Bàbá Koríko ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, kò rí ibì kan tí wọ́n ti purọ́ mọ́ ọn. Ó gbé ọ̀pá lọ fún máníjà fúnra rẹ̀. Ó fẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Máníjà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun ti kà á nínú ìwé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, òun àti Lékèélékèé dúró níta ọgbà wáyà. Àpótí oògùn ti wà nínú bàlúù mìíràn, awakọ̀ àjèjì ti jókòó sínú rẹ̀. Máníjà ń rìn bọ̀ lórí koríko pẹ̀lú ọ̀pá. Ó ń fi ọwọ́ méjì tì í, kò fi ara tẹ̀ ẹ́ rárá, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé onílé. Ní òpó kẹta, ọ̀pá dúró kó tó kan òrùka. Máníjà wò ó. Ara fu ú, ó hàn lójú rẹ̀. Ó gbé ojú sókè wo ọ̀dọ̀ Bàbá Koríko, ó wò ó pẹ́, ó la ẹnu díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Bàbá Koríko mọ ìkọjú-sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn dáadáa.

"Bàámi, wọn ò bi yín o," ni Lékèélékèé wí.

"Mo mọ̀."

Ó di wáyà mú, ó na ọrùn, ó sì fi gbogbo ohùn tó kù lọ́fun rẹ̀ kígbe: "Ó rọ̀! Máníjà, ó rọ̀, láti ibi tó o wà yẹn títí dé òpó karùn-ún! Fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́!"